Ọkọ mi ti borí ibà Lássà, ó ti délé. Kí la ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra fún?

Ìyá Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, orí mi ti kún ni. Ọkọ mi ló ṣàìsàn, ibà Lássà ni wọ́n padà pè é. Kí wọ́n tó mọ̀, ilé ìwòsàn kékeré kan níbí ti fún un ní oògùn ibà, wọ́n tún fún un ní ti táífọ́ọ̀dù, ara ò balẹ̀, ìgbà tí ojú ẹ̀ wú tí ẹ̀jẹ̀ wá ń yọ níbi eyín ẹ̀ ni wọ́n tó ní ká máa gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, wọ́n tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní kò sí níbẹ̀ mọ́, kó máa lọ ilé.

A délé tán ni wàhálà míì bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, ife lọ́tọ̀, ṣíbí lọ́tọ̀, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbé ọmọ. Láńlọ́ọ̀dù ní ká wá ilé míì kí oṣù tó parí. Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́, mo ń fún ọmọ lọ́mú o. Àbúrò mi ní Èkó wá ka nǹkan kan lórí fóònù pé ẹni tó bá borí irú àìsàn burúkú báyìí, fáírọ́ọ̀sì yẹn ṣì lè sá pamọ́ sínú ara ẹ̀ kó tún ran ẹlòmíì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè jọ jẹun? Ṣé a lè jọ sùn? Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ, ẹni tí ò mọ̀ kó má dẹ́rù bà mí kún èyí tó wà nílẹ̀.

Olówó_Orí:
Ẹ kú oríire o màmá. Ẹlòmíì lọ, kò bọ̀. Mo jókòó sídìí ọ̀rọ̀ yìí, torí àwa náà ní irú ẹ̀ nílé.

Sisí Ajílété:
Haa. Èmi ò ní tan yín, màmá. Ẹ gbé ọmọ yín, ẹ gba ilé bàbá yín lọ, títí ọdún kan ó kéré tán. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Èbólà ńkọ́, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe? Mo kà á pé nọ́ọ̀sì òyìnbó kan yè, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, àìsàn yẹn tún gbé e ṣánlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Sisí, ẹ rọra, ẹ má fi ẹ̀rù tú ilé onílé ká.

Ìyá Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú oríire, ẹ sì kú àmójútó. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú Lássà, ohun tí àbúrò yín kà kì í ṣe irọ́, kò kàn kà á délẹ̀ ni. Kí wọ́n tó ní kí aláìsàn Lássà máa lọ ilé, wọ́n á ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ rí i pé fáírọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀ mọ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti mọ́, ẹ lè bọ ara yín lọ́wọ́, ẹ lè dì mọ́ra, ẹ lè jọ jókòó, ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, kò sí èyí tó máa kó Lássà ràn yín nínú ẹ̀. Abọ́ tí màmá yà sọ́tọ̀ yẹn, ẹ dá a padà sínú àwọn yòókù, ọṣẹ àti omi ti tó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí nìyí. Àwọn ibì kan wà nínú ara wa tí àwọn ọmọ ogun ara kì í fi gbogbo agbára wọ̀: ẹpọ̀n ọkùnrin, inú ẹyin ojú, inú ọpọlọ. Ibi ẹlẹgẹ́ ni wọ́n, ara fúnra ẹ̀ ló ń dín ìjà kù níbẹ̀ kí ìjà má baà ba nǹkan jẹ́, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì máa ń rí sá sí. Fún Lássà, wọ́n máa ń rí i nínú ìtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 9, nínú àtọ̀ ọkùnrin wọ́n ń rí i títí oṣù 3, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹlòmíì. Torí náà kì í ṣe ọkọ yín lẹ máa sá fún, nǹkan méjì tó ń ti ara ẹ̀ jáde yẹn lẹ máa ṣọ́ fúngbà díẹ̀.

Lórí ti ìbálòpọ̀: oṣù 3 ó kéré tán, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù, tàbí kẹ́ ẹ kúkú sinmi. Kò sí ọ̀nà àbùjá kankan níbẹ̀, ẹ gbọ́ mi yé. Tẹ́ ẹ bá lò ó tán, ẹ dì í, ẹ jù ú sí ṣáláńgá, ẹ fọṣẹ fọwọ́. Tí oṣù 3 bá pé, kó padà lọ bá àwọn dókítà tó tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n sọ fún yín bóyá ẹ lè ṣíwọ́. Ohun kan tún wà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí sọ: oògùn ribavirin tí wọ́n fi ń tọ́jú Lássà, ó lè ba oyún jẹ́. Ọkùnrin tó bá lò ó, ìyàwó ẹ̀ ò gbọdọ̀ lóyún títí oṣù 6 lẹ́yìn tó lò ó tán. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú náà lè lóyún, ẹ má gbára lé ọmú yẹn o.

Ọmọ, ẹ máa fún un lọ́mú yín lọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣàìsàn. Tó bá jẹ́ pé ìyá ni Lássà mú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí omi ọmú náà lè ní in nínú, dókítà ló máa sọ ìgbà tó lè padà sẹ́nu ẹ̀. Bàbá ẹ̀ lè gbé e, kó gbé e pọ̀n tó bá wù ú.

Ọmọ Ìjerò ní Leeds:
Ìtàn tí Sisí ń sọ, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ pé. Nọ́ọ̀sì yẹn, ará Scotland ni, Pauline Cafferkey lorúkọ ẹ̀. Sierra Leone ló ti kó Èbólà ní ìparí 2014, wọ́n tọ́jú ẹ̀ ní London, ó lọ ilé ní January 2015. October ọdún yẹn ó tún dùbúlẹ̀, wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì nínú omi tó yí ọpọlọ ká. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan náà wà, Ian Crozier, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti mọ́, ojú ẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n fa omi inú ojú yẹn wò, Èbólà kún ibẹ̀, kódà àwọ̀ ojú yẹn yí padà kúrò ní búlúù di gíríìnì. Àmọ́ omijé ẹ̀ ò ní fáírọ́ọ̀sì kankan, inú ẹyin ojú lọ́hùn-ún ló wà. Nọ́ọ̀sì yẹn náà, gbogbo àwọn tó sún mọ́ ọn ni wọ́n ṣọ́, kò ran ẹnì kankan.

Sisí Ajílété:
Ẹ ṣé sà. Àmọ́ tí kò bá ń ràn, Guinea ti 2021 ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá ni?

Ọmọ Ìjerò ní Leeds:
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Nígbà tí Èbólà bẹ́ sílẹ̀ ní Guinea ní 2021, wọ́n wo fáírọ́ọ̀sì yẹn fínnífínní, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí èyí tó jà níbẹ̀ láàárín 2014 sí 2016. Tó bá jẹ́ inú ẹranko igbó ló ti jáde wá, ó yẹ kó ti yí padà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà pé ara ẹnì kan tó yè ló pamọ́ sí fún bí ọdún 5 kó tó tún jáde. Ṣáájú ìyẹn, obìnrin kan kú ní Liberia ní March 2015, ọkùnrin tó ti borí Èbólà láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló bá lò pọ̀, fáírọ́ọ̀sì ara àwọn méjèèjì bára mu. Lẹ́yìn ìyẹn ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, wá ní kí ọkùnrin tó bá borí Èbólà máa tẹ́ẹ̀sì àtọ̀ ẹ̀ tó bá ti pé oṣù 3 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí kò bá sì rí ibi tẹ́ẹ̀sì, kó lo kọ́ńdọ̀mù fún oṣù 12.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló yè nínú Èbólà ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà yẹn, èyí tó tún ti ara wọn bẹ́ sílẹ̀ ò tó nǹkan. Nílé wa ńbẹ̀ yẹn náà, 20 ló kó o ní 2014, 8 kú, àwọn yòókù padà sáàárín ìdílé wọn. October 20 ọdún yẹn ni WHO ní Èbólà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ pé àwọn tó yè yẹn tún ran ẹnikẹ́ni?

Nọ́ọ̀sì Adó:
Ẹ ṣeun sà. Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà má sì po méjèèjì pọ̀, Lássà àti Èbólà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ibi tí wọ́n ń sá sí ló jọra. Ti Èbólà ló máa ń pẹ́ jù nínú àtọ̀, ẹ má lọ gbé oṣù 12 Èbólà lé ọkọ Ìyá Ìkẹ́rẹ́ lórí.

Ayọ̀_ni_o:
Ẹ fún un ní orógbó kó máa jẹ láàárọ̀ lálẹ́, kó tún fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, gbogbo ohun tó bá kù nínú ẹ̀ á jáde. Bàbá àgbà mi ò lọ ọsibítù rí.

Tíṣà Ìfàkì:
Ayọ̀, jọ̀ọ́ jàre. Ṣé o ti gbàgbé 2014 ni? Òru la gbọ́ ọ lórí fóònù pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ ká tún mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo àdúgbò jí, àwọn tó mu ún jù ni wọ́n gbé dìgbàdìgbà lọ ọsibítù. Orógbó dùn lẹ́nu, mo ń jẹ ẹ́, àmọ́ kò mọ̀nà ibi tí nọ́ọ̀sì ń sọ yẹn.

Awakọ̀ Òmùò:
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀, torí èmi lọ̀rọ̀ kàn. Mo ṣe Lássà, mo yè. Ìyá, ẹ gbọ́, nǹkan tó dùn mí jù kì í ṣe àìsàn yẹn o. Ìgbà tí mo padà sí páàkì, àwọn tá a jọ ń jẹ tá a jọ ń mu, bí mo bá nawọ́ sí wọn wọ́n á ní ọwọ́ wọn dọ̀tí. Ẹnì kan wẹ ìjókòó mọ́tò tí mo jókòó lé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlú sílẹ̀.

Irun mi re dànù fún ìgbà díẹ̀, tí mo bá dìde ẹsẹ̀ mi á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bíi ti ẹni tó mutí, gbogbo ẹ̀ ló padà lọ. Etí ni tèmi ò tíì lọ tán. Tẹ́ ẹ bá pè é tí kò dá yín lóhùn, ẹ má rò pé ìgbéraga ni tàbí pé ó ń bínú, ẹ wò ó bóyá kò gbọ́ ni. Ìyàwó mi bá mi jà torí ìyẹn kó tó yé e.

Ti kọ́ńdọ̀mù, èmi sọ ọ́ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ tí mo délé, mi ò jẹ́ kó di ìjà. Tí ọkọ bá fa ojú ro pé ìyàwó ń kà á sí alárùn, ẹ jẹ́ kí dókítà bá a sọ ọ́, ọkùnrin máa ń gbọ́ ti dókítà ju ti ìyàwó lọ, ìwà wa nìyẹn.

Ìyá Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Bùrọ̀dá Awakọ̀, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Òótọ́ ni, etí ọ̀tún ẹ̀ ò gbọ́rọ̀, mo rò pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ni! Nọ́ọ̀sì, ẹ tún gbà mí. A ò dá ṣáláńgá ní, ilé ojúkojú la wà, gbogbo ilé ló ń lò ó. Kí la máa ṣe sí ìtọ̀ ẹ̀? Àti bẹ́ẹ̀dì tó sùn sí kí á tó gbé e lọ, aṣọ tó fi nu ẹnu, mo ṣì kó wọn sí kọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì Adó:
Ṣáláńgá ò burú, kò sẹ́ni tó ń kó ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Kó máa tọ̀ sínú ihò, kó má tọ̀ sára ògiri tàbí ẹ̀yìnkùlé títí ọ̀sẹ̀ 9 yẹn á fi kọjá, tó bá ta sílẹ̀ kó da omi tó ní bílíìṣì sí i, kó fọwọ́ tó bá tọ̀ tán. Tó bá lo pọ́ọ̀ lóru, òun fúnra ẹ̀ ni kó dà á nù kó sì fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọmọdé.

Àwọn aṣọ ìgbà àìsàn, ìyẹn lọ́tọ̀, torí ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì pọ̀ lára ẹ̀ ló lò wọ́n. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, ẹ má gbọ̀n wọ́n, ẹ rì wọ́n sínú omi bílíìṣì, lẹ́yìn náà ẹ fọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sóòrùn. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́ pátápátá, ẹ dáná sun ún. Aṣọ tó ń wọ̀ báyìí tó ti délé, ẹ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ tiyín. Abẹ fífá irùngbọ̀n àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, kí kálukú ní tiẹ̀, ìyẹn ò tiẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú Lássà nìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ nílé kó tó lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹ fi ọjọ́ 21 ṣọ́ ara yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn nígbà tó ń ṣàìsàn. Ẹ máa wọn bí ara ṣe gbóná sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí ibà bá gbé yín, ẹ má lọ sí kẹ́míìsì, ọsibítù ìjọba ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ tọ́jú ẹni tó ní Lássà. Ẹ lè pe 6232 ti NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, owó ò lọ níbẹ̀.

Ti etí: nínú èèyàn 4 tó bá yè nínú Lássà, ó máa ń mú etí ẹnì kan. Kì í wo bí àìsàn ṣe le tó, ẹni tó ṣe é wẹ́rẹ́ náà lè di adití. Nǹkan bí ìdajì wọn máa ń tún gbọ́ díẹ̀ láàárín oṣù 1 sí 3. Ẹ gbé e lọ bá dókítà etí, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà níbí ní Adó tàbí ti Ìdó, ẹ má da òróró gbígbóná tàbí nǹkan kan sínú etí o.

Bàbá Olóko:
Mo kí yín o. Gbogbo yín ń bèèrè bóyá ẹni tó yè á kó o ràn yín, n ò rí ẹni tó bèèrè pé ulé ta ni òun gan-an ti kó o. Ìtọ̀ àti igbẹ́ eku la ti ń kó Lássà, ṣé eku yẹn ti kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú ulé ni? Ọkùnrin yẹn ń lo kọ́ńdọ̀mù, eku ń tọ̀ sínú gàárì!

Eku kan ni, kò tóbi, ọmú ẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ikùn, ó fẹ́ràn ulé wa bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ. 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ àìsàn yìí ní ìlú Lássà ní Borno, ibẹ̀ lorúkọ ti wá, àmọ́ Òndó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ́dọọdún. Tí ọyẹ́ bá ti dé tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń dáná sungbó torí ẹran, ibo lẹ rò pé eku ń sá lọ? Ulé yín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń pọ̀ láti December títí dé April.

Ẹ gbé gàárì, èlùbọ́, ìrẹsì, gbogbo ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí garawa tó ní ọmọrí, àpò ò ká eku lọ́wọ́ kò. Ẹ má ra gàárì tí wọ́n sá sí etí títì. Gàárì tí a fi omi tútù mu, iná ò tún kàn án mọ́, ohun tó bá wà nínú ẹ̀ lẹ gbé mì yẹn. Uyán ò níṣòro, uṣu tá a sè ni, àmọ́ èyí tí eku bá ti jẹ lára, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ fi ìyókù gún uyán, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ dí ihò ara ògiri. Igbẹ́ eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ kí eruku má gbé e wọ imú, ẹ fi omi bílíìṣì rin ín ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹran eku, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Tíṣà Ìfàkì:
Bàbá, ẹ ti sọ èyí tó kù. Ìyá, lórí láńlọ́ọ̀dù: ìjọba ìbílẹ̀ 16 tá a ní l'Ékìtì, kò sí èyí tí ò ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ mú ìwé tí ọsibítù fi dá ọkọ yín sílẹ̀, ẹ lọ bá a ní ẹ̀ka ìlera, ẹ ní kó bá yín délé, kó wo ilé náà torí eku, kó sì bá bàbá onílé sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayálégbé. Tó bá gbọ́ pé ihò inú ilé òun ni eku ń gbà wọlé, ohùn ẹ̀ á yí padà. Mo ti rí ibi tí irú ẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

Sisí Ajílété:
Màmá, ẹ má tíì lọ ilé bàbá yín mọ́. Ẹ ra kọ́ńdọ̀mù. 😂

Ìyá Ìkẹ́rẹ́:
😂😂 Sisí! Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún dádì wọn létí òsì. Ti kọ́ńdọ̀mù yẹn ó kọ́kọ́ fa ojú ro, mo ní ká pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa ní Ọ̀wọ̀, dókítà bá a sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà tí nọ́ọ̀sì sọ ló sọ, wọ́n tún ti fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá. Ìyá ọkọ mi ṣì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe, àmọ́ wọ́n gbé ọmọ fún un láàárọ̀ yìí, mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wò wọ́n. Ọ̀la la ń lọ ìjọba ìbílẹ̀.

Bàbá Olóko, mo wo ẹ̀yìn àpótí nílé ìdáná, igbẹ́ eku kún ibẹ̀ fọ́fọ́. A ti ra garawa. Ta ló ní ọmọ ológbò ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Adó tó fẹ́ tà? Akọ o, mi ò fẹ́ èyí tó máa bímọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Olówó_Orí:
Ológbò wa bí mẹ́rin. Akọ méjì wà níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, mi ò ní gba owó.